Kẹ̀kẹ́ Kọ́ Ló Ń Lé Ẹyẹ Àbàtà, Bí O Ṣe Ń Dúró Ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ló ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀nà tí mo sì ń gbà lọ lẹ́bàá àbàtà ńlá kan. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àbàtà yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Mo máa ń gbọ́ ohùn ẹyẹ oríṣiríṣi látòkèèrè, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró láti wò wọ́n báyìí, gbogbo wọn á fò lọ. Ìdí wọn nìkan ni mo ń rí. Àwọn àkèré pàápàá á panu mọ́. Àwọn funfun tí mo bá sì rí, lékèélékèé ni mo ń pe gbogbo wọn. Ṣé kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ rìn ni? Àbí awò awọ̀nàjíjìn olówó ńlá ni mo ní láti rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ o, má sì tíì náwó sórí awò kankan. Ìdáhùn rẹ wà nínú ohun tí o bi mí, o kàn gba orí rẹ̀ kọjá ni. O ní bí o bá ti dúró ni wọ́n ń fò. O ò ní bí o bá ń bọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni nǹkan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà: màlúù ń kọjá, ajá ń kọjá, èèyàn ń kọjá. Bí ẹyẹ bá ní kí òun máa fò fún gbogbo wọn, ebi ni yóò pa á kú. Ó ti kọ́ pé ohun tó ń lọ tààrà, tí eré rẹ̀ kò yí padà, kò bá tòun wá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ̀ tó ṣàdédé dẹ ẹsẹ̀, tó dúró gbọnrangandan, tó kọjú sí i, tó tún gbé nǹkan dúdú olójú ńlá méjì sójú, háà, olúwarẹ̀ ń wá nǹkan tó máa jẹ nìyẹn. Bí ológbò ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ọdẹ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹyẹ tó máa dúró béèrè pé ṣé fún ìgbádùn lásán lo ṣe ń wo òun.

Kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Èèyàn tó nà ró lórí ẹsẹ̀ méjì, tí orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń rìn, ẹranko ti mọ ìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, orí rẹ kì í mì, o sì lè dé ibi mẹ́rin láàárín wákàtí méjì níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti dé ẹyọ kan. Àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ olómi kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Chincoteague, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 5 tó yí adágún omi ká. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín látàárọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ títí aago 3 ọ̀sán yóò fi lù.

Èmi náà ti ṣe bíi tìrẹ rí, kó o má baà rò pé mo fi ọ́ ṣẹ̀sín. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo rí ẹyẹ apẹja kan lórí ẹ̀ka igi, àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí aṣọ sányán tuntun. Mo fa bíréékì, bíréékì han wìì. Mo sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ sórí ohun tí mo pè ní koríko. Òṣíbàtà ni. Mo rì dé orúnkún nínú ẹrọ̀fọ̀, kẹ̀kẹ́ sì wó lé mi lẹ́yìn. Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ó bà sórí igi kejì, ó ń wò mí.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí nìyí. Bí o bá ti rí ẹyẹ lọ́ọ̀ọ́kán, má lọ dúró níwájú rẹ̀. Yan ibi tí o máa dúró sí kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ìdí igi tó ṣíji bo ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ igbó eèsún, kọ́ọ̀nà tí ọ̀nà ti fẹ́ yà. Kó jẹ́ ibi tí ọkàn rẹ yóò máa wí fún ọ pé ó ti jìnnà jù. Bí ọkàn rẹ kò bá wí bẹ́ẹ̀, o ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn. Láti bíi mítà 30 sí ibẹ̀ ni kí o ti máa dín eré kù, kí kẹ̀kẹ́ rọra kú fúnra rẹ̀, má fọwọ́ kan bíréékì.

Nǹkan kan sì wà tí ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kì í kíyè sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dúró lórí pẹ́dà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí lọ, àárín táyà ẹ̀yìn á máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Létí rẹ, ariwo kékeré ni. Lórí omi tó parọ́rọ́ ní ìdájí, bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ ló rí. Máa wa pẹ́dà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró, kò ní ké mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò kí n tó mọ èyí, ọ̀fẹ́ ni mo fi fún ọ.

Ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí omi ni kí o gbà sọ̀ kalẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ lè wà láàárín ìwọ àti ẹyẹ. Má ju ẹsẹ̀ sókè bí ẹni ń ti orí ẹṣin bọ́ sílẹ̀. Bí o bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, má wo ẹyẹ. Wo ilẹ̀, wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ṣéènì, bí ẹni pé òun ló já. O ṣáà mọ òwe tó ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Bó o ṣe máa dúró létí rẹ̀ gan-an nìyẹn: takété, bí ẹni tí kò bá ẹyẹ kankan tan.

Wàyí o, àwọn àkèré tí o ní wọ́n panu mọ́ yẹn, àwọn ni aago rẹ. Bí ilẹ̀ bá mì tàbí tí òjìji bá gba orí omi kọjá, àkèré á dákẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ ni ọ̀tá fi ń wá a kàn. Bí wọ́n bá ti dákẹ́, gbogbo àbàtà ti gbọ́ pé àlejò dé. Má ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, márùn-ún, nígbà mìíràn ó lè tó mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo tó láyà á dán an wò lápá ọ̀hún: kọ́. Á dákẹ́. Kọ́, kọ́. Òmíràn á dá a lóhùn. Ohùn yẹn á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ gan-an bá tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbàgbé rẹ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kí o rọra gbé awò sójú. Bí kò bá jẹ́ àsìkò tí àkèré ń ké, fi àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ inú ìféèfé ṣe aago. Àwọn náà ń dákẹ́, àwọn náà ń padà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí o máa rí nígbà náà kì í ṣe àwọn tó fò lọ. Àwọn tó fò yẹn, àwọn tó ń gbé ní gbangba ni. Ọ̀pọ̀ ni kò fò rárá, wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ọ́ láti ìgbà tí o ti dé. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ẹbí lékèélékèé, àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ní, ìlà wà láyà rẹ̀ lóròóró. Bó bá ti fura, á na àgógó ẹnu sójú ọ̀run, á fún ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí atẹ́gùn bá sì mi ìféèfé, òun náà á máa mì pẹ̀lú wọn. Bí ojú rẹ̀ ṣe wà lára orí, bó ti na ẹnu sókè yẹn náà, ó ṣì ń gba abẹ́ ẹnu wò ọ́ kòrókòró. Akọ irú rẹ̀ tó wà ní Yúróòpù àti Éṣíà máa ń dún nígbà ìbísí bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò ńlá, ohùn rẹ̀ sì lè dé kìlómítà 5 bí ilẹ̀ bá parọ́rọ́. Àwọn kan tún wà tó jọ adìyẹ kékeré, tí ara wọn fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n lè yọ́ kọjá láàárín ìféèfé láìjẹ́ kó mì. Mo ti dúró níbì kan fún bí ogún ìṣẹ́jú rí tí mò ń bínú pé n ò rí nǹkan kan, kí kùkùté tó wà níwájú mi tó ṣẹ́jú.

Kí ẹyẹ tó fò, ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọ. Á dẹ́kun jíjẹ. Á na ọrùn. Àwọn kan á máa ju ìrù pẹ́pẹ́. Lẹ́yìn náà á kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí, á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn ńlá inú wọn tiẹ̀ máa ń yàgbẹ́ kí wọ́n tó gbéra, bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀. Níbi nína ọrùn ni kí o ti dúró, bó bá gba pé kí o padà sẹ́yìn, padà. Lórí òṣíbàtà ní Áfíríkà, ẹyẹ kan ń rìn tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gan-an. Bàbá ló ń sàba níbẹ̀, bàbá ló ń tọ́mọ. Bí o bá rí i lójijì tó dà bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, o ti sún mọ́ ọn jù: ó ti gbá àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ẹsẹ̀ wọn ló ń rọ̀ dirodiro yẹn, ó ń gbé wọn sá fún ọ ni. Fífò kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún wọn. Èyí tó ń sanra kó lè rìnrìn àjò láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, gbogbo ìgbà tí o bá lé e dìde, o ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó wà lórí ẹyin, kannakánná ń dúró kí ó ṣáà kúrò níbẹ̀.

Ní ti àsìkò, bá ìdájí jáde kí o lè dé etí omi ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ. Atẹ́gùn kò tíì dìde nígbà náà, nítorí oòrùn tó ń mú ilẹ̀ gbóná ló ń jí i. Afẹ́fẹ́ tútù tó tẹ́ sórí omi tún máa ń ká ohùn mọ́lẹ̀ kó má lọ sókè, ìdí nìyẹn tí o fi ń gbọ́ wọn látòkèèrè. Àwọn náà ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ. Bí ọ̀nà rẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, sáré kọjá gbogbo àbàtà nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí o wá máa wo ẹyẹ nígbà tí o bá ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àbàtà etí òkun, gbàgbé aago, omi òkun ni kí o máa wò. Wákàtí kan tàbí méjì kí omi tó kún tán ni kí o dé, nítorí bó ṣe ń bo ẹrẹ̀ ni yóò máa lé àwọn ẹyẹ tó ń jẹ lórí ẹrẹ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ rẹ. O ò ní lé nǹkan kan, àwọn ni yóò máa bọ̀.

Aṣọ kò le. Wọ èyí tó mọ́lẹ̀ yòò bí o bá ń gba títì tí ọkọ̀ ń gbà, kí awakọ̀ lè rí ọ, kí o tan iná iwájú àti tẹ̀yìn. Bí o bá ti yà sí ọ̀nà àbàtà, bọ́ ọ sínú àpò. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé gba títì ní òkùnkùn nítorí ẹyẹ.

Awò wá kù. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, bíi 8x42 tàbí 10x42. Èyí àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi. Ìkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, èyí tó ń sọ bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí. Àwọn èèyàn máa ń sáré ra 10 nítorí wọ́n rò pé ó ju 8 lọ. Fún oníkẹ̀kẹ́, kò jù ú lọ. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ dé, ọkàn rẹ ń lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n láìjẹ́ pé o mọ̀, bí awò bá ṣe ń mú ẹyẹ tóbi ló ń mú gbígbọ̀n náà tóbi. 8x42 tí kò wọ́n tó fún ọ. Ìṣẹ́jú tí o fi ń dúró de àkèré yẹn, òun náà lo fi ń dúró kí ọkàn rẹ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé ìgúnpá méjèèjì lé ìjókòó kẹ̀kẹ́, kí o mí síta, kí o tó wò. Má gbé e sínú agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́ o. Gbígbọ̀n ọ̀nà máa ń yẹ àwọn gíláàsì inú rẹ̀ nípò, ojú kan á máa fi ibì kan hàn ọ́, ojú kejì ibòmíràn, orí fífọ́ ló ń dà. Fi okùn rẹ̀ gba èjìká kọ́ ọ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ lékèélékèé pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa la ti ṣe é. Lékèélékèé gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn omi. Ẹ̀yìn màlúù ló ń tọ̀, torí bí màlúù bá ń rìn nínú koríko, tata á máa ta jáde, òun á máa he é. Ọrùn rẹ̀ kúrú, àgógó ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹyẹ tó láyà ni, torí ní òpin àwọn ọdún 1800 ló fi apá ara rẹ̀ ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló gbà tàn dé Àríwá. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú omi, tí ẹnu rẹ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí ọmọ ìka rẹ̀ dà bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹ́lò, ìyẹn yàtọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ yẹn ru ẹrẹ̀ kí nǹkan lè sá jáde ni. Èyí tó ga jù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ láàárín bí igi tí wọ́n tẹ̀, wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: ìlà ẹnu rẹ̀ gùn kọjá ẹ̀yìn ojú. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ṣíbí, tó ń fi gbá omi sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀, kì í ṣe ẹbí wọn.

Bí wọ́n bá wà lókè, ọrùn ni kí o wò. Lékèélékèé àti gbogbo ẹbí rẹ̀ máa ń ká ọrùn mọ́ àyà fò. Àkọ̀ àti ẹlẹ́nu ṣíbí máa ń na tiwọn gbọọrọ síwájú. Eegun ọrùn ìkẹfà lára ẹbí lékèélékèé ló rí bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí orí ta bí ọfà bí ẹja bá kọjá. Dúdú kan wà nínú ẹbí yìí ní Áfíríkà tó máa ń na apá méjèèjì yí orí ká bí agboòrùn, á wá gba abẹ́ òjìji yẹn wo ẹja. Bí o bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni wàá rò pé ẹnì kan sọ agboòrùn nù sínú omi.

Má fojú sí òkè nìkan. Ẹrẹ̀ etí ọ̀nà jẹ́ ìwé, òwúrọ̀ la sì ń kà á kí oòrùn tó mú un sán. Ibi tí o bá rí ìgbẹ́ tó kún fún ìpẹ́ ẹja, ẹranko tó ń wọ omi pẹja ló gbabẹ̀ lóru. Irú àwọn onírun bẹ́ẹ̀, imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́, torí náà kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ọ lójú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn rẹ. Níbi tí ọ̀nì bá wà, má bẹ̀rẹ̀ sétí omi nítorí fọ́tò. Ní Shark Valley, nínú àbàtà ńlá tí wọ́n ń pè ní Everglades ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tó yí po ní nǹkan bíi kìlómítà 24, irú ọ̀nì ti ibẹ̀ sì máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gan-an. Òfin wọn ni pé kí èèyàn fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 15 sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀nì. Fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, mo rò pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá rí pátákó tí wọ́n kọ Ramsar sí, ìlú kan ní Iran ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ààbò ilẹ̀ olómi lágbàáyé ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971. Irú àbàtà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní òfin lórí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ka pátákó náà tán. Má fi fóònù dún ohùn ẹyẹ kó lè jáde sí ọ. Ó máa jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà ló bá jáde, á fi ìtẹ́ àti ọmọ sílẹ̀ torí ọ̀tá tí kò sí.

Wàá ti rí i pé bí mo ṣe ní kí o máa gun kẹ̀kẹ́ yìí, inú dókítà rẹ kò ní dùn sí i. Kí o wa kìlómítà kan, kí o dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti mú, tí atẹ́gùn dìde, tí àwọn ẹyẹ ti wọ abẹ́ ìbòòji, so awò mẹ́yìn kó le dáadáa, kí o wá fi gbogbo agbára wa kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ìgbà yẹn, jẹ́ kó máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bó ṣe fẹ́.